Ara Dúró, Ọkàn Ò Dúró

Ní ọdún 2014, Timothy Wilson, onímọ̀ nípa ìṣesí ọmọ ènìyàn ní Yunifásítì Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tó pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, tó sì dẹ́rù ba àwọn mìíràn. Wọ́n fi ènìyàn sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí fóònù níbẹ̀, kò sí ìwé, kò sí rédíò, kò sí ẹni tí wọ́n lè bá tàkúrọ̀sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn kò ju pé kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n máa ro ohun tó bá wù wọ́n. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń fi iná mànàmáná gbọn ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti tọ́ iná náà wò ṣáájú, wọ́n sì ti sọ pé àwọn á tilẹ̀ sanwó kí àwọn má baà tún fojú kàn án. Síbẹ̀, nínú ọkùnrin 18, àwọn 12 ló tẹ bọ́tìnì náà kí àkókò tó pé. Nínú obìnrin 24, mẹ́fà ló tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà tó tẹ̀ ẹ́ nígbà 190.

Ìṣẹ́jú 15! Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ Àkúrẹ́ lójú títì ìlú Ùsò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní fi iná gbọn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe ní tirẹ̀. Á yọ fóònù, á tì í bọ àpò, á tún yọ ọ́. Á bá ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n epo. Á ra ẹ̀pà nígbà tí ebi kò pa á. Àwọn ará Virginia kò rí ẹ̀pà rà, ni wọ́n fi yíjú sí iná.

Ìjà tí ọmọ ènìyàn ń bá ìjókòó jẹ́ẹ́ jà yìí ni yóógà fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kíká ẹsẹ̀ mọ́ ọrùn ni gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń rí lórí fóònù nìyẹn: ọmọge kan létí òkun tó ká ara rẹ̀ kò. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àtayébáyé tí wọ́n ń pè ní Yoga Sutra, èyí tí wọ́n gbà pé Patanjali ló kó o jọ ní ohun tó lé ní 1,500 ọdún sẹ́yìn ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ ọkàn tó ń fò kiri ni wọ́n fi ṣíde. Nínú nǹkan bí gbólóhùn 196 tó wà nínú rẹ̀, mẹ́ta péré ló dá lé bí ènìyàn ṣe ń gbé ara dúró tàbí jókòó. Ìyókù jẹ́ ti ọkàn, ti èémí àti ti ìwà. Ara wulẹ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè ká ọkàn rẹ̀ mọ́ ni, níbi tó ti ń ṣe ohun tó máa ń ṣe.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà ká a mọ́ ọn: kánmọ́kánmọ́ àti jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Púpọ̀ nínú yóógà tí ayé ń ṣe lónìí ló tọ orírun rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ààfin Mysore ní gúúsù Íńdíà, níbi tí Tirumalai Krishnamacharya ti kọ́ni ní àwọn ọdún 1930 lábẹ́ ọba ìlú náà. Ọmọkùnrin ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọmọdé tí ara rẹ̀ ń jó kò sì ní dúró lójú kan. Bàbá náà so ìdúró kan mọ́ òmíràn, ó sì fi èémí ṣe okùn tó so wọ́n. Bí wọ́n bá ti mí sínú, apá á gòkè. Bí wọ́n bá ti mí síta, orí á wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, K. Pattabhi Jois, tí wọ́n bí ní 1915, gbé ọ̀nà yìí pọ̀n, ó sì fi kọ́ni ní Mysore títí tó fi kú ní 2009. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, àtòpọ̀ ìdúró àkọ́kọ́ máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, òógùn á sì máa kán tó-tó-tó sórí ẹní.

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì ni B. K. S. Iyengar, àbúrò ìyàwó Krishnamacharya, tí wọ́n bí ní 1918. Aláìlera ni láti kékeré; ó ṣe ibà, ó ṣe ikọ́ àwúgbẹ, ara rẹ̀ le gan-an. Ní 1937 ni wọ́n rán an lọ sí ìlú Pune láti lọ máa kọ́ni, ibẹ̀ ló sì ti yà sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí ènìyàn dúró sójú kan, kó pẹ́ níbẹ̀, kó wo ibi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ dojú kọ, kó wo èjìká tó gbé sókè láìnídìí. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀, ó gbé pátákó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó lo okùn, ó lo àga, ó lo kúbùsù. Ìwé rẹ̀ Light on Yoga jáde ní 1966, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé kó tó kú ní 2014.

Ẹnìkan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì. Krishnamacharya fúnra rẹ̀ lo ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún láyé, ó kú ní 1989, nígbà tó sì darúgbó ní Chennai, ó ń wo ọjọ́ orí àti àìlera ẹni tó bá wá bá a kó tó sọ bí onítọ̀hún yóò ṣe yára tó. Ìdí nìyí tí iyàn tí àwọn oníyóógà kan ń bá ara wọn jà, pé tàwa ni ojúlówó, tiyín ni ayédèrú, fi ń rí bí ìjà àwọn ọmọ tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ bàbá.

Ká wo eléyìí tó yá ná. Wọ́n ń pè é ní ìkíni oòrùn. Ènìyàn á dúró ṣánṣán, á mí sínú, á na apá méjèèjì sókè. Á mí síta, á tẹ̀ síwájú, ọwọ́ á kan ilẹ̀. Á gbé àyà sókè díẹ̀. Á fò padà sẹ́yìn, á sì rẹ ara sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ àyà kò ní kan ẹní. Á na àyà sókè, á wá ti ìdí sókè, orí á wà nísàlẹ̀ láàárín apá, á sì mí lẹ́ẹ̀marùn-ún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fò padà síwájú, á gbé ojú sókè, á sì dìde. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ni Jois kà á sí. Oríṣi kejì rẹ̀ ní 17. Wọ́n á ṣe é léraléra kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ọkàn ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ń sáré ṣáájú ara. Ọwọ́ kò tíì kan ilẹ̀, ọkàn ti wà níbi ìfò. Ó ń yọjú wo ẹni tó wà lórí ẹní ọ̀tún: ṣé tirẹ̀ wálẹ̀ jù tèmi lọ? Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́nu iṣẹ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ parí, á ti dìde kí olùkọ́ tó ka nọ́ńbà ìdìde. Ẹni tí ojú máa ń tì, tó bá ṣi ìgbésẹ̀ kan, kò ní dúró kó wo bó ṣe lọ. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún okùn ṣòkòtò rẹ̀ dè, á sì ṣe bí ẹni pé okùn náà ló fà á. Òmíràn á sé èémí mọ́ra láìmọ̀, bó ṣe máa ń sé e nígbà tí ọ̀gá bá pè é sí ọ́fíìsì. Gbogbo ìwà wọ̀nyí ti wà lára wa tipẹ́. Ìyára náà kàn mú wọn jáde lọ́wọ́ kan ni.

Ṣùgbọ́n ìyára ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ìrònú á fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí iṣẹ́ ti kún ọwọ́, kò sí àyè tí ìbànújẹ́ á gbà wọlé. Wákàtí kan ààbọ̀ lè kọjá kí onítọ̀hún má pàdé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òógùn bọ́ lóòótọ́, ara sì le. Ọkàn ló kàn rí ibi sá pamọ́ sí.

Ní òdìkejì, oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní yin, tí Paulie Zink àti Paul Grilley sọ di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú èyí, ìdúró kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan: ènìyàn á ká ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ojúgun á wà lórí ẹní; á na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn; á wá fi àyà lélẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tó ká. Ó parí. Kó máa wò ó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìṣẹ́jú kìn-ín-ní dùn. Ó ń jọ ìsinmi. Ní ìṣẹ́jú kejì, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, ọkàn á sì di agbẹjọ́rò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣé mo ti pa gáàsì? Olùkọ́ yìí ti gbàgbé aago. Egungun tèmi kò rí bí ti àwọn ará Íńdíà. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un níbi tí kò yún un rí. Ikọ́ á dé. Ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́n, ìtọ̀ tí kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú kẹta ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí ìbínú lásán lè ru sókè, ó sì lè má kan yóógà rárá: ẹ̀gbọ́n tó yá owó tí kò san án, ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ sọ níbi ìkómọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìdí tó fi jẹ́ pé orí ẹní ni wọ́n ti ń yọjú kò ju pé ibẹ̀ ni kò ti sí ẹ̀pà. Tí onítọ̀hún kò bá yí ẹsẹ̀ padà, tí kò sì bá ara rẹ̀ jà, ìṣẹ́jú kẹrin sábà máa ń rọ̀. Nígbà tí agogo bá dún fún ìkarùn-ún, òmíràn kò ní fẹ́ dìde mọ́.

Kò sí ohun tó yí padà nínú ìdúró náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹsẹ̀ kan náà, ẹní kan náà. Ohun tó wáyé, inú orí ló ti wáyé, ó sì tẹ̀ lé ètò tó jẹ́ pé bí onítọ̀hún bá padà wá lọ́la, á tún bá a bẹ́ẹ̀: àwáwí ni yóò ṣáájú, ìbínú á tẹ̀ lé e, àánú ara ẹni á dé gbẹ̀yìn. Tàbí kí ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ láti orí àánú ara ẹni. Olúkúlùkù ní ètò tirẹ̀. Kì í sì í ṣe orí ẹní nìkan ni ọkàn ti ń fò kiri. Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ti Yunifásítì Harvard fi fóònù béèrè lọ́wọ́ ènìyàn 2,250 lójijì, nígbàkigbà lójúmọ́, pé kí ni wọ́n ń ṣe àti pé kí ni wọ́n ń rò. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2010 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n béèrè, bí 47 ni ọkàn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe.

Àmọ́ ṣá o, gbogbo ohun tí ara bá kọ̀ kọ́ ni àwáwí. Ìrora tó gún bí abẹ́rẹ́ nínú orúnkún, èyí tó ń já ẹsẹ̀ láti ìdí dé ọmọ-ìka, tàbí èyí tó ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri, ìkìlọ̀ ni, kí ènìyàn jáde kúrò níbẹ̀ kíá. Èyí tó fà, tó wúwo, tó tàn káàkiri ẹ̀yìn itan, ìyẹn ni èèyàn lè bá jókòó. Ọ̀pọ̀ oníyóógà ló ti ba orúnkún jẹ́ nítorí wọ́n pe ìkìlọ̀ ní àgídí.

Ara gan-an ní àtakò tirẹ̀ tí kò ti ọkàn wá. Bí dókítà bá fi òòlù kékeré lu abẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ á fò; ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan itan nà lójijì, ohun tó ń ṣọ́ ọ nínú rẹ̀ sì pàṣẹ pé kó súnkì. Ohun kan náà ni iṣan ń ṣe fún ẹni tó bá ń fi ipá já ara rẹ̀ sílẹ̀ láti fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀: bó ṣe ń já a, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fà padà. Fà á díẹ̀díẹ̀, kí o dúró níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà á dẹwọ́. Ní 2010 bákan náà, Cynthia Weppler àti Peter Magnusson yẹ àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ lórí nínà ara wò. Ibi tí wọ́n já sí yani lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ tí ènìyàn ti ń na ara, tí ọwọ́ rẹ̀ wá kan ibi tí kò kàn tẹ́lẹ̀, iṣan rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Ìmọ̀lára rẹ̀ ló yí padà, ó wá ń gba ohun tó ń kọ̀ tẹ́lẹ̀ láàyè. Ní 1979 ni Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú òye yìí ní ilé-ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts fún àwọn tí ìrora wọn kò gbóògùn: wọ́n á dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, wọ́n á máa fi ọkàn wo ara láti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ lọ sókè, láìgbìyànjú láti lé ohunkóhun jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ùsò, níbi tí ẹni wa ti ń dúró de ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlú náà wà lẹ́yìn Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, kí ènìyàn tó kan Ẹmùrẹ́-Ilé, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀, olóko kòkó àti oníṣu. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ohun àjèjì ni gbogbo èyí fún wọn, kó kọ́kọ́ lọ wo bí ìyá àgbà ṣe ń lóṣòó wẹ ewébẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbé gìgísẹ̀ sókè. Àwọn ará ìlú ńlá ń sanwó kí wọ́n lè tún ìlóṣòó yẹn kọ́. Tàbí kó lọ sí oko àáró lọ́jọ́ ebè kíkọ, níbi tí ọkùnrin mélòó kan ti tò sórí poro. Ọ̀dọ́kùnrin kan á ti fò síwájú láti ebè kìn-ín-ní, á máa bojú wẹ̀yìn wo àwọn yòókù. Àgbàlagbà kan á wà níbẹ̀ tí kò wo ẹnikẹ́ni. Ohun tí olùkọ́ yóógà máa ń wò lórí ẹní kò ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù ní ilé Yorùbá ni ibi ìdána. Alága ìjókòó á ní kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Pàà, wọ́n ti wà nílẹ̀. Ẹ dìde. Ẹ tún dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn, ìyára ń gbé wọn. Kò sí ẹni tó rántí aṣọ òfì tuntun tó wọ̀. Ìgbà náà ni alága yìí á wá yí ohùn padà, á ní òun kò tíì sọ pé kí ẹ dìde o. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin dárà, á yípo wọn, á béèrè owó. Àyà wà nílẹ̀, ìgúnpá ń ro wọ́n, orí àga ni àwọn àlejò wà. Ẹ wo ojú wọn láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ọ̀kan ti gbé orí sókè, ó ń wò bóyá wọ́n ń ya fọ́tò. Ìkejì ti fi orúnkún gbé ara rẹ̀ díẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ṣì dọ̀bálẹ̀. Ìkẹta ń kùn sínú pé ta ni ó fi òun jọ. Ọkọ ìyàwó nìkan ló rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, bóyá nítorí ó mọ ohun tó wá ṣe. Ara kan náà ló lọ sílẹ̀ nígbà méjèèjì. Ìgbà tó yára, ẹ̀rín ló hàn. Ìgbà tó pẹ́, ìgbéraga jáde síta, gbogbo àgbàlá sì rí i.

Ọ̀wọ̀, tí Ùsò wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, tilẹ̀ ní ọdún kan tó ń fi odidi ìlú sí irú ìdánwò yìí. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Igógo, ọjọ́ 17 ló ń gbà, ní ìrántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Ìtàn sọ pé obìnrin yìí ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kì í lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kì í da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, wọn kì í sọ ẹrù igi kalẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe é, ó sì bínú lọ. Lásìkò ọdún náà, ìlù kì í dún. Agogo ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á di irun bí obìnrin.

Bí wọ́n bá gba ohun tó mọ́ ènìyàn lára lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbà yẹn ni yóò mọ̀ pé ó wà. Ẹni tó ti ń dé fìlà fún 40 ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á kàn ṣáà máa lọ sórí, á bá a lófìfo.

Àwọn onígbàgbọ́ tó ń bẹ̀rù yóógà kò ṣàìní ìdí. Láti inú ẹ̀sìn Íńdíà ló ti wá, àwọn orúkọ ìdúró kan ṣì ń rántí òrìṣà wọn. Ní oṣù Kẹwàá 1989, Vatican kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ àṣàrò Kristẹni, wọ́n sì kìlọ̀ nínú rẹ̀ pé kí ènìyàn má ṣe ka ìtura ara sí Ẹ̀mí Mímọ́. Ìkìlọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ní 2001, Luciano Bernardi, dókítà ará Ítálì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ènìyàn 23 tó ń gba àdúrà rósárì ní èdè Látìn, wọ́n tún wo wọ́n bí wọ́n ṣe ń ké mántírà oníyóógà kan. Méjèèjì ló fa èémí wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ sì wọnú ìlù kan náà. Ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú, àwọn áfáà ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ara balẹ̀ ní rúkúù, kó balẹ̀ ní sújúùdù, kí ènìyàn má ṣe fi orí kan ilẹ̀ kó fà á sókè wàràwàrà. Síbẹ̀, bí Ramadan bá dé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mọ lẹ́mọ́mù tó ń sáré kí ìrun tàráwíyì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣe é fò ní agbègbè yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa bí ènìyàn 40, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Ẹni tí irú èyí bá ṣojú rẹ̀, ara rẹ̀ lè máa fò nígbà tí ilẹ̀kùn bá pa gbàà, fún ọdún púpọ̀. Láti ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ di ojú, kó dákẹ́, kó sì wo ohun tó ń bọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ìkà ni, bí ẹni tó ń kọ́ ọ tilẹ̀ ní inú rere. Ìjókòó jẹ́ẹ́ kò ṣí ilẹ̀kùn kan náà fún gbogbo ènìyàn.

Bessel van der Kolk, dókítà ọpọlọ ní Boston, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀nà mìíràn wò pẹ̀lú obìnrin 64 tí ìpayà àtijọ́ kò fi lọ́rùn sílẹ̀ láìka ìtọ́jú tí wọ́n ti gbà sí. Wọ́n fi àwọn kan sí kíláàsì yóógà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n fi àwọn tó kù sí ẹ̀kọ́ ìlera. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2014, bí 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe yóógà ni àyẹ̀wò kò ka àìsàn náà sí lára mọ́. Láàárín àwọn tó kù, 21 ni. Nínú irú yóógà yìí, olùkọ́ kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kì í pàṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ la ojú sílẹ̀ á là á. Ẹni tó bá fẹ́ dìde á dìde. Níbi yìí, kíkọ̀ gan-an ni oògùn, nítorí ẹni tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ rí ń tún un kọ́ pé òun lè kọ̀. Kò sì rọ́pò dókítà.

Ọ̀nà tó yá ni yóógà fi ń wọ ọ̀pọ̀ ìlú ní Áfíríkà. Ní Nairobi, àjọ Africa Yoga Project tí Paige Elenson bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò mẹ̀kúnnù di olùkọ́ tó ń jẹun lórí rẹ̀, ìlànà olóòógùn tí Baron Baptiste ará Amẹ́ríkà ń kọ́ni ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un ní oṣù Kejìlá 2014, iléeṣẹ́ aṣojú Íńdíà ní Àbújá náà máa ń pe àwọn ènìyàn jọ lọ́jọ́ yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń polówó rẹ̀ fún àwọn ará ìlú ńlá wa, ikùn tó máa fà wọlé ni wọ́n fi ń polówó. Kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá sáré láti Lekki dé iléeṣẹ́, tó sáré kúrò níbẹ̀ wá sórí ẹní, tó tún sáré lórí ẹní, kò tíì kúrò lójú ọ̀nà kan ṣoṣo látàárọ̀. Ìdajì tó lọ́ra yẹn ni àwọn tó ń kánjú nílò, bí àwọn tó fẹ́ràn àtimáa dùbúlẹ̀ ronú ṣe nílò ìdajì tó yá.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní Ùsò kò nílò ju ẹní kan lọ, kó tó jẹun àárọ̀. Kí aboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ẹni tó ní àìsàn ojú glaucoma má ṣe da orí kodò. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n tẹ̀ síwájú níwọ̀nba. Àwọn yòókù lè dúró, kí wọ́n rọ orúnkún díẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú lórí èémí kan, kí wọ́n sì dìde lórí èyí tó tẹ̀ lé e, léraléra, títí ara á fi gbóná. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ̀, kí wọ́n mí lẹ́ẹ̀marùn-ún níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí kí wọ́n jókòó, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko pẹ̀lú aago, kí wọ́n má sì ṣe fa ara wọn. Kí bírò àti ìwé wà nítòsí. Ìdí àkọ́kọ́ tó bá wá sọ́kàn pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wá, pẹ̀lú ibi tí aago dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé á ti kún: awakọ̀ á rí i pé "mo ti pẹ́" ló ń kọ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú tí kò jáde, ìyálọ́jà á máa kọ "oníbàárà á ti dé" ní aago mẹ́fà ìdájí, akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Poly ní Ọ̀wọ̀ á máa kọ "jẹ́ kí n wo WhatsApp ná", ní ìṣẹ́jú àáyá 40 géérégé.